Ẹ Má Fi Ọmọ Ṣe Okùn

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹnu ṣe mú tó láàrin ìlú, ẹ kàn dárúkọ ìwé ìtàn kan tí abilékọ, ìyá ọmọ, ti lọ ń fẹ́ obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kíá, gbogbo èèyàn á ti di adájọ́. Ọ̀kan á ní kí wọ́n lọ sun ìwé náà níná. Èkejì á ní ẹni tó kọ ọ́ kò ní ìyá. Ẹ̀kẹta, tí kò rí ẹ̀yìn ìwé náà sójú rí, á ti máa ka ẹsẹ Bíbélì, tàbí kó máa tún ohun tí Àáfà wí lọ́jọ́ Jímọ̀ sọ. Ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ ti kà á?" Wọ́n á ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n kà á!"

Èmi kà á. Mo ka méjì nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti páálí dé páálí, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí níbẹ̀ fún yín. Ohun tí mo rí kì í ṣe ohun tí àwọn adájọ́ ojú pópó ń pariwo lé lórí. Ọmọ kékeré kan ni mo rí, tí àwọn àgbà sọ di okùn, tí wọ́n fi so ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo mọ okùn yẹn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ó wà ní ilé wa níbí, ní ọ̀pọ̀ ilé tí obìnrin kankan kò ti fẹ́ obìnrin rí. Ìyẹn ló ń bí mi nínú. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa lápálápá.

Ìwé àkọ́kọ́ ni The Price of Salt. Patricia Highsmith, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1948, obìnrin yìí ń ṣiṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ní ilé ìtajà ńlá Bloomingdale's ní New York, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun ìṣeré ọmọdé. Kérésìmesì ń bọ̀, èrò ń wọ́ tìrítìrí. Ni obìnrin kan bá wọlé, ẹ̀wù òtútù onírun olówó ńlá ló wọ̀, ó wá ra bèbí fún ọmọ. Ó sanwó, ó fi àdírẹ́sì sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò jù bẹ́ẹ̀ náà lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Highsmith délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó jókòó, ó sì to egungun ìtàn náà sílẹ̀ láàrin nǹkan bíi wákàtí méjì. Kò pẹ́ tí ibà fi gbé e dè.

Highsmith kì í ṣe ẹni tí wọn kò mọ̀. Ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1950, Strangers on a Train, ni Alfred Hitchcock sọ di sinimá ní 1951. Síbẹ̀ ilé iṣẹ́ tó tẹ ìwé yẹn kọ̀, wọn kò tẹ ìkejì yìí. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1952, òǹkọ̀wé náà kò sì jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ òun sí i. Claire Morgan ló pe ara rẹ̀. Ó di 1990 kí ìwé náà tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú orúkọ ẹni tó bí i gan-an, lábẹ́ àkọlé tuntun, Carol. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ọdún 38 ni obìnrin yìí fi ń sá fún ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí. Ní 2015 wọ́n fi ìwé náà ṣe fíìmù, Cate Blanchett ló ṣe Carol níbẹ̀.

Kí ló fà á tó fi sá? Ní Amẹ́ríkà ìgbà yẹn, bí o bá kọ irú ìtàn báyìí, o gbọ́dọ̀ pa ẹnì kan níparí rẹ̀, tàbí kí o jẹ́ kó ya wèrè, tàbí kí o dá a padà sọ́wọ́ ọkùnrin. Ní 1952 kan náà, obìnrin mìíràn, Marijane Meaker, kọ tirẹ̀, Spring Fire, lábẹ́ orúkọ Vin Packer. Ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sọ fún un pé ìparí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dùn, nítorí àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ lè gbẹ́sẹ̀ lé ìwé náà. Ṣé ẹ rí i? Àwọn òyìnbó tí ẹ ní wọ́n ti bàjẹ́ tipẹ́ yẹn, àwọn náà ti sun ìwé tiwọn rí, bí kò tilẹ̀ jẹ́ iná ni wọ́n fi sun ún. Nínú ìwé ti Highsmith, kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó ya wèrè. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní olówó pọ́ọ́kú ní 1953, lẹ́tà àwọn òǹkàwé wá ń wọlé sí Claire Morgan ṣáá.

Ó yá, ẹ gbọ́ ìtàn náà.

Carol Aird ni orúkọ ìyá ọmọ tí à ń wí yìí. Ó lówó lọ́wọ́, ó nílé, ó ní mọ́tò, ó ní ọkọ tó ń jẹ́ Harge, ó ní ọmọbìnrin kan, Rindy. Bí ẹ bá rí i lókèèrè, ẹ ó ní, "Kí ni obìnrin yìí tún ń wá?" Ìbéèrè tí gbogbo wa máa ń bi obìnrin tó bá ń sunkún nínú ilé alájà nìyẹn. Ṣùgbọ́n Carol kò láyọ̀ nílé ọkọ. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ kó wà níbẹ̀ bí àga olówó iyebíye ṣe ń wà ní pálọ̀, kí àlejò máa wò ó. Nígbà tí Carol lọ ra nǹkan ìṣeré fún Rindy ní ilé ìtajà, ó pàdé Therese Belivet, ọmọ ọdún 19 tó ń tajà níbẹ̀, ọkàn àwọn méjèèjì sì fà mọ́ ara wọn.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí àwọn tó ní obìnrin kejì ló tú ilé Carol ká ṣí etí wọn nìyí. Kí Carol tó rí Therese rárá, òun àti Harge ti ń lọ́yà, wọ́n ti fẹ́ kọ ara wọn. Ilé náà ti ya tipẹ́, ọ̀dà ni wọ́n ń kùn sí i. Therese kọ́ ló gbé hámà wọlé. Ẹni bá fẹ́ bá Carol jà, kó kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé yẹn ní gbogbo ọdún tí ẹnikẹ́ni kò bi í.

Carol àti Therese wọ mọ́tò, wọ́n rìnrìn àjò lọ sí apá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Kí ni ọkọ ṣe? Ó háyà ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ọkùnrin yìí ń tẹ̀ lé wọn láti ìlú dé ìlú, láti hòtẹ́ẹ̀lì dé hòtẹ́ẹ̀lì, ó sì ń fi ẹ̀rọ gba ohùn wọn sílẹ̀ láti yàrá kejì. Kí nìdí? Ṣé kí ìyàwó rẹ̀ lè padà wálé kí wọ́n jọ máa ṣeré? Rárá o. Kó lè rí ohun tó máa fi gba Rindy lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni. Àwọn tó kọ ìtàn ìgbésí ayé Highsmith sọ pé kì í ṣe inú afẹ́fẹ́ ló ti mú èyí, pé obìnrin kan tó ti fẹ́ràn rí pàdánù ọmọ rẹ̀ ní kóòtù lọ́nà tó jọ èyí gan-an.

Lópin ọ̀rọ̀, wọ́n gbé ìwé àdéhùn síwájú Carol. Bó bá fẹ́ máa rí ọmọ rẹ̀ dáadáa, kó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní ṣe èyí, òun kò ní ṣe tọ̀hún, òun kò ní bá irú èèyàn báyìí rìn mọ́. Carol wò ó, kò gbà. Ó fi Rindy sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ìgbà díẹ̀ péré lọ́dún ló sì kù tí wọ́n lè jọ ríra.

Èmi tí mò ń kọ èyí, ilé ọkọ ni mo wà, ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ yẹn, mo pa ìwé náà dé, mo dìde, mo lọ wo àwọn tèmi lórí ibùsùn. Mi ò mọ̀ bóyá màá lè ṣe ohun tí Carol ṣe. Ṣùgbọ́n mo mọ ìbéèrè tí mo fẹ́ bi gbogbo àwọn lọ́yà àti ìyá ọkọ àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó wà nínú ìtàn yẹn: nínú gbogbo ẹjọ́ yìí, ta ló bi Rindy? Ta ló jókòó ti ọmọ yẹn pé, "Rindy, kí lo fẹ́?" Kò sí. Ọmọ tí gbogbo wọn ní nítorí rẹ̀ làwọn ṣe ń jà, ohùn rẹ̀ ni a kò gbọ́ rárá.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan á sọ báyìí. Á ní, "Ìwé òyìnbó nìyẹn. Kí ló kàn wá? Kò sí irú rẹ̀ nílẹ̀ adúláwọ̀." Ó dára. Ẹ jẹ́ ká padà sílé.

Ní 2015 tí fíìmù Carol jáde yẹn náà ni ìwé Chinelo Okparanta, Under the Udala Trees, jáde. Ní Port Harcourt ni wọ́n ti bí Okparanta, ní 1981, kó tó bá àwọn òbí rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní ọmọ ọdún 10. Igi údàlà tó fi ṣe àkọlé yẹn, igi àgbálùmọ̀ wa yìí náà ni. Láti 1968 ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, nígbà ogun Biafra, ní Ojoto. Ọkọ̀ òfuurufú ju bọ́ǹbù, bàbá ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Ijeoma kú. Ìyà pọ̀, ni ìyá rẹ̀ bá fi í ránṣẹ́ sí Nnewi, sọ́dọ̀ tíṣà kan àti ìyàwó rẹ̀, kó máa bá wọn ṣiṣẹ́ ilé. Ibẹ̀ ló ti pàdé Amina, ọmọ Hausa tí ogun sọ di aláìlẹ́nìkan. Àwọn ọmọ méjèèjì fẹ́ràn ara wọn, ọ̀rọ̀ náà sì ju ti ọ̀rẹ́ lọ. Wọ́n ká wọn mọ́. Ìyá mú Ijeoma lọ sílé ní Aba, ó ṣí Bíbélì, ó bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì, ó ń kọ́ ọ ní ojoojúmọ́.

Ijeoma dàgbà, ó tún pàdé obìnrin mìíràn, Ndidi, tíṣà ni. Wọ́n ń pàdé ní ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù, nítorí pé wọ́n ti rí bí wọ́n ṣe sun ẹnì kan nínú wọn níná. Ìyá ní kí ni oògùn gbogbo èyí? Kí Ijeoma lọ sílé ọkọ. Chibundu, tí wọ́n jọ ṣeré ní kékeré, wá fẹ́ ẹ. Wọ́n kó lọ sí Port Harcourt. Ijeoma bí ọmọbìnrin kan, Chidinma.

Ẹ wò ó báyìí. Ijeoma gbìyànjú. Kì í ṣe pé kò gbìyànjú. Ó se oúnjẹ, ó tọ́jú ilé, ó bímọ, ó gbàdúrà. Chibundu náà kì í ṣe ẹkùn nígbà tó fẹ́ ẹ. Ọmọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó wá yé e pé ọkàn ìyàwó òun kò sí lọ́dọ̀ òun, ó le, ìbínú gbà á, ilé náà sì di ọgbà ẹ̀wọ̀n fún àwọn méjèèjì. Ó fẹ́ ọmọkùnrin, ó ní kò níí gbà, kí ìyàwó òun bí ọkùnrin fóun. Chidinma tó wà nílẹ̀ ńkọ́? Òun ni okùn àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin tó ń bọ̀ ni yóò jẹ́ okùn kejì. Lọ́jọ́ kan Ijeoma gbé ọmọ rẹ̀, ó padà sí Aba sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá tó ti ń fi Bíbélì lé e kiri láti ìgbà èwe rẹ̀ wá gbà á sílé. Ó ti tó gẹ́ẹ́, ìyẹn ni ìyá náà wí lọ́rọ̀ kan.

Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi mọ́ pé ti òyìnbó ni. Ojoto kì í ṣe New York. Ogun tí bàbá Ijeoma kú sí, àwọn tó jà níbẹ̀ ṣì wà láàyè láàrin wa.

Èkejì á wá ní, "Ìwé báyìí á ba àwọn ìyàwó wa jẹ́." Ẹ jọ̀ọ́, irú ìyàwó wo ni wọ́n ń pè ní ìyàwó tí ìwé ojú ewé 300 lè bà jẹ́? Bí ìwé bá lágbára tó báyẹn, kí ló dé tí gbogbo ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa ọkọ rere kò tíì sọ ọkọ ẹnikẹ́ni di rere? Obìnrin tí inú rẹ̀ dùn nílé ọkọ, bó bá ka ìtàn Carol, á káàánú rẹ̀, á pa ìwé dé, á lọ rokà. Èyí tí inú rẹ̀ bàjẹ́, kò dìgbà tó bá ka ìwé kó tó mọ̀ pé inú òun bàjẹ́. Ìwé kàn fi hàn án pé kì í ṣe òun nìkan ni. Ìyẹn gan-an ló ń ba àwọn kan lẹ́rù, pé kí obìnrin mọ̀ pé òun nìkan kọ́.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gbé ti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin kúrò nílẹ̀ ná. Buchi Emecheta, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1944, kọ Second-Class Citizen ní 1974. Kò sí irú ìfẹ́ yẹn nínú rẹ̀ rárá. Obìnrin tó bímọ fún ọkọ, tó ń ṣiṣẹ́ bọ́ ọkọ ní London, tó fẹ́ kọ ìwé, ni Adah. Ọkọ rẹ̀ fi iná sun ìwé tó kọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù, bàbá yẹn kò kọ̀ kí wọ́n kó àwọn ọmọ fún ẹlòmíràn tọ́. Ẹ gbọ́ o! Harge fi gbígbà ọmọ dá ìyà jẹ ìyàwó rẹ̀, ti Adah fi kíkọ ọmọ dá ìyà jẹ ẹ́. Ọ̀kan fa okùn, èkejì ju okùn nù, ọmọ náà ni okùn nínú méjèèjì.

Ó wá ku tiwa. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mò ń ṣe, ó ti lé lógún ọdún. Àwọn obìnrin máa ń bá mi sọ̀rọ̀, nígbà míì ní ọ́fíìsì, nígbà míì nínú ọjà, nígbà míì níbi ìnáwó tí a bá jókòó ti ara wa. Gbólóhùn kan wà tí mo ti gbọ́ lẹ́nu wọn tí mi ò lè ka iye ìgbà mọ́: "Ojú ọmọ ni mò ń wò." Ìyá aláṣọ tó fi gèlè bo ojú tó wú, ojú ọmọ ló ń wò. Ìyáàfin tí ọkọ rẹ̀ kò bá sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́rin, tó jẹ́ pé ọmọ ni wọ́n ń rán síra wọn bí ẹni ń rán lẹ́tà ("Lọ sọ fún dádì ẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀", "Lọ sọ fún mọ́mì ẹ pé mi ò jẹ"), ojú ọmọ ló ń wò. Wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ mì, wọ́n ń tu itọ́ funfun jáde. Bí ẹnì kan nínú wọn bá sì ṣèèṣì ní òun fẹ́ lọ, ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu ọkọ kò yàtọ̀ láti Ìdúmọ̀tà dé Ìlọrin: "Bó o bá fẹ́ lọ, máa lọ. Ṣùgbọ́n fi ọmọ mi sílẹ̀."

Fi ọmọ mi sílẹ̀! Ìgbà wo ló di ọmọ rẹ? Ìgbà tí ọmọ náà ń sunkún lóru, "ọmọ ẹ ń ké" lo ń sọ fún ìyá rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n lé e nílé ìwé nítorí owó, "lọ bá ìyá ẹ" lo ní. Ọjọ́ tí ìyá di ẹrù ni ọmọ wá di tìrẹ. Ṣé ìfẹ́ nìyẹn, àbí ẹ̀wọ̀n?

Mo fẹ́ ṣe òtítọ́ fún ọkùnrin náà o. Àwọn obìnrin náà ń fi ọmọ ṣe okùn. Ìyá wà tó gbé ọmọ sá lọ, tó ní bàbá rẹ̀ ti kú, tí bàbá sì wà láàyè tó ń wá ọmọ kiri. Ìyá wà tó ń gbin ìkórìíra bàbá sínú ọmọ bí ẹni ń gbin ẹ̀gẹ́, tó ń bomi rin ín ní àràárọ̀. Ìyẹn náà kò dára. Okùn lokùn ń jẹ́, ẹni yòówù kó dì í mú. Mo sì mọ̀ pé Harge ń jẹ̀rora, mo mọ̀ pé Chibundu ń jẹ̀rora. Ọkùnrin tó fẹ́ obìnrin tí kò lè fẹ́ ẹ padà, ìyà ń jẹ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń kọ lẹ́tà ìtùnú sí i. Ṣùgbọ́n ìrora kì í ṣe ìwé àṣẹ. Bí nǹkan bá dùn ẹ́, pariwo, sunkún, lọ kóòtù, kọ obìnrin náà sílẹ̀. Má fi ọmọ lù ú.

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá kò fara mọ́ ohun tí à ń ṣe yìí. Òfin ìgbéyàwó ti 1970, tó kan àwọn tó ṣe ìgbéyàwó ní kóòtù, sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá di ti ọmọ, ohun tó dára fún ọmọ náà ni adájọ́ gbọ́dọ̀ fi ṣáájú. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti 2003 tún un sọ. Kò ní ohun tó dùn mọ́ bàbá, kò ní ohun tó dùn mọ́ ìyá. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ̀ pé ó wà? Àwa tí ìdánà àti ìgbéyàwó ìbílẹ̀ so pọ̀, "ọmọ bàbá ni" la mọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹnì kan á tún rán mi létí pé òfin mìíràn wà. Mo mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kìíní 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí i: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ọkùnrin àti ọkùnrin tàbí obìnrin àti obìnrin tó bá ṣe ìgbéyàwó, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ irú rẹ̀ sílẹ̀ tàbí tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Òkìkí òfin yẹn kàn, gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. Èyí tó ní kí a fi ti ọmọ ṣáájú, tó ti wà láti 1970, ta ló jó fún? Ta ló lu ìlù fún? Ẹ wo ohun tó ń yá wa lára láti fìyà jẹ, kí ẹ sì wo ohun tó ń sú wa láti dáàbò bò. Lọ́rọ̀ tèmi, ẹni tí kò jí nǹkan ẹnikẹ́ni, tí kò pa ẹnikẹ́ni, kò yẹ lẹ́ni tí à ń sọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí kò ní gbà pẹ̀lú mi, kò sì burú. À ń jà, a kò kú. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá tilẹ̀ gbà, ẹ kò lè fi òfin yẹn bo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé mọ́lẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ìwé Okparanta fi hàn gbangba, tó yẹ kí gbogbo òbí gbọ́. Ìgbéyàwó kì í ṣe oògùn. Bí ọmọ rẹ bá ń ṣe ohun tí kò yé ọ, tí o wá sáré wá ọkọ fún un kó lè "fara balẹ̀", o kò wo nǹkankan sàn. Èèyàn mìíràn lo kó bá. Ọmọ ẹlẹ́ni lo fà wọ inú ọ̀rọ̀ tí kò mọ ìdí rẹ̀. Chibundu kò bẹ ẹnikẹ́ni kí wọ́n fi òun ṣe àgúnmu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bímọ, ọmọ ọ̀hún náà á wá bọ́ sáàárín. Ẹni mẹ́ta ló ṣòfò nítorí kí ẹnì kan má bàa ṣàlàyé fún àwọn ará àdúgbò.

Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni fẹ́ irú ẹni tí Carol fẹ́. Mi ò ní kí ìyàwó ẹnikẹ́ni palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ́la. Ilé tó dùn, kó máa dùn lọ. Ohun tí mo ń wí kò ju mẹ́ta lọ. Àkọ́kọ́, ẹ ka ìwé kí ẹ tó dájọ́ ìwé. Kò sí adájọ́ gidi tó ń dájọ́ ẹni tí kò gbọ́ tẹnu rẹ̀. Èkejì, ẹ bi ìyàwó yín léèrè, ẹ̀yin ọkọ, kó tó di pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló ń bá yín bi í: "Ṣé inú rẹ dùn?" Kí ẹ sì jókòó gbọ́ èsì, bó bá tiẹ̀ gba wákàtí mẹ́ta. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ìyá, ẹ yé sọ fún ọmọ pé nítorí tirẹ̀ lẹ ṣe ń jìyà. Ẹrù yẹn wúwo jù fún orí ọmọdé. Ọmọ tó gbọ́ pé ojú òun ni ìyá òun ń wò tó fi ń jẹ̀yà, gbèsè tí kò jẹ ni ẹ dì sí i lọ́rùn, yóò sì máa san án títí tó fi máa dàgbà. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wà láàrin wa lónìí tó ṣì ń san tiwọn.

Àwọn tó fẹ́ sun ìwé lè máa sun ún lọ. Bó bá jẹ́ owó wọn ni wọ́n fi rà á, ó kù sọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣáná sí i, kí wọ́n kọ́kọ́ wo inú ilé wọn, kí wọ́n wo ọmọ tó jókòó sáàárín àwọn òbí méjì tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kí wọ́n tú ọmọ yẹn sílẹ̀ ná.